Ẹ máa bi àwọn tó ní rheumatoid arthritis léèrè nípa ẹ̀dọ̀fóró wọn

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú làálàá ìwé ìròyìn lásìkò tí gbogbo nǹkan wọ́n yìí. Mo ka ojú ewé ìlera yín tó dá lórí aromọléegun, mo gbádùn ẹ̀, ẹni tó kọ ọ́ ṣe dáadáa lórí ọ̀rọ̀ orúnkún, lórí sísanra, lórí kéèyàn máa rìn díẹ̀díẹ̀ láràárọ̀. Àmọ́ gbogbo ohun tó kọ, ti orúnkún àgbà ni. Oríṣi kejì, rheumatoid arthritis tí àwọn dókítà ń pè ní RA, ìlà kan péré ló fún un, ó ní òun náà máa ń dun oríkèé, ó sì kọjá lọ. Ẹ jọ̀ọ́, èyí ò tó. Nọ́ọ̀sì ni mí, mo ti fẹ̀yìn tì, ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi wà ní wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin, ohun tí mo sì fẹ́ sọ ò ju ọ̀kan lọ: ẹni tó bá ní RA, kì í ṣe ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ẹ̀ nìkan ló yẹ ká máa wò, ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀ náà ńkọ́, torí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró máa ń mú irú wọn ju ẹlòmíì lọ, tó bá sì mú wọn, ìtọ́jú ẹ̀ máa ń le ju ti ẹlòmíì, bẹ́ẹ̀ níbi tí mo dé nílùú Ìbàdàn yìí, ìka ọwọ́ ni wọ́n ń tẹ̀ wò, ìwọ̀nba làwọn tó ń bi wọ́n pé "Mà, ṣé ẹ ń wúkọ́?"

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ya méjèèjì sọ́tọ̀ ná, torí lójú ọ̀pọ̀ èèyàn làkúrègbé ni gbogbo ẹ̀. Ti orúnkún àgbà yẹn, ohun rírọ̀ tó wà láàrin eegun méjì ló ń jẹ tán, eegun á wá máa ha eegun. RA ò rí bẹ́ẹ̀. Ti RA, àwọn ọmọ ogun ara tó yẹ kó máa bá kòkòrò jà ló ṣìnà, ló wá kọjú ìjà sí awọ tó wà nínú oríkèé. Àárọ̀ ló máa ń le jù, èèyàn á jí, ọwọ́ á ti gan, ó lè ju wákàtí kan lọ kó tó lè di síbí mú, tọ̀tún tòsì ló sì sábà máa ń jọ wú, àwọn oríkèé kéékèèké inú ìka, ọrùn ọwọ́, àtàǹpàkò, iwájú ẹsẹ̀. Obìnrin ló ń bá jà jù, tó ìlọ́po méjì sí mẹ́ta ti ọkùnrin, kò sì dúró de ọjọ́ ogbó kankan, mo ti tọ́jú ọmọ tí ò tíì ju ọgbọ̀n ọdún lọ tó ní in. Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n máa ń yẹ̀ wò, wọ́n á wá àmì RA méjì níbẹ̀, rheumatoid factor àti anti-CCP. Oògùn ẹ̀ sì wà o, methotrexate tí wọ́n ń lò lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ (lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni mo wí, ẹni tó bá ń lò ó lójoojúmọ́ fẹ́ pa ara ẹ̀ ni), hydroxychloroquine, sulfasalazine, àti àwọn abẹ́rẹ́ tuntun olówó gọbọi tí ẹni tó bá gbọ́ iye ẹ̀ á ní kí wọ́n tún un sọ.

Nígbà kan, ohun tí wọ́n gbà ni pé àwa èèyàn dúdú ò ní irú àìsàn yìí, àní Ìbàdàn níbí gan-an wà lára ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti jáde. Dókítà òyìnbó kan, Brian Greenwood, tó ṣiṣẹ́ ní UCH, ọsibítù ńlá yunifásítì níbí, kọ ọ́ sínú ìwé ìṣègùn Lancet lọ́dún 1968 pé òun yẹ àkọsílẹ̀ àwọn tí wọ́n gbà sí wọ́ọ̀dù wò, irú àìsàn tí ara ti ń bá ara ẹ̀ jà ṣọ̀wọ́n gan-an láàrin wọn, ó sì rò ó pé bóyá ibà tó ń ṣe wá látìgbà ọmọdé ló ń jẹ́ kí ọmọ ogun ara wa má ṣìnà. Iṣẹ́ gidi ni o, wọ́n ṣì ń dárúkọ ẹ̀ títí dòní. Ṣùgbọ́n èrò tèmi ni pé gbólóhùn "kò wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa" yẹn pẹ́ lórí wa ju bó ṣe yẹ lọ, ẹni tí ìka ẹ̀ bá wú, wọ́n á ní ó fọ aṣọ jù, wọ́n á ní táífọ́ọ̀dù ni, wọ́n á ní ayé ni, kó tó di pé ẹnì kan rántí RA, ìka á ti wọ́. Tí RA fúnra ẹ̀ bá wá pẹ́ tó báyìí kí wọ́n tó rí i, ta ló máa ráyè rántí ẹ̀dọ̀fóró?

Báwo ni ẹ̀dọ̀fóró tiẹ̀ ṣe wọ inú ọ̀rọ̀ yìí? RA kì í ṣe àìsàn oríkèé nìkan, gbogbo ara ló ń rìn, ojú, ọkàn, ẹ̀jẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró. Àwọn onímọ̀ tiẹ̀ ń rò pé fún ọ̀pọ̀ èèyàn, inú ẹ̀dọ̀fóró gan-an ni ìjà yẹn ti ń bẹ̀rẹ̀, pàápàá àwọn tó ń mu sìgá: èéfín á yí àwọn purotéènì kan padà níbẹ̀, ọmọ ogun ara ò ní dá wọn mọ̀ mọ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ohun ìjà lòdì sí wọn, ohun ìjà yẹn náà sì ni anti-CCP tí wọ́n ń wá nínú ẹ̀jẹ̀, ó lè ti wà nílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ìka kankan tó wú. Nínú èèyàn 10 tó ní RA, nǹkan bí ẹnì kan ni ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀ máa ń ní àpá débi tó ń yọ ọ́ lẹ́nu, àpá tó ń mú kí ẹ̀dọ̀fóró gan, tí atẹ́gùn ò fi ráyè wọ inú ẹ̀jẹ̀ bó ṣe yẹ. ILD ni wọ́n ń pè é. Ikọ́ gbígbẹ tí ò mú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wá, kéèyàn gun àtẹ̀gùn díẹ̀ kó máa mí hẹlẹ, bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Tí dókítà bá gbé ẹ̀rọ tó fi ń gbọ́ àyà sí ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn aláìsàn, tó ní kó mí sínú, ó máa gbọ́ ìró kan bí ìgbà tí ọmọ iléèwé bá ń já bàtà tó ń lẹ̀ mọ́ra yẹn. Ẹni tó bá ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan ò ní ṣì í mọ̀. Kò gba owó, kò gba iná NEPA, ẹ̀yìn aláìsàn àti ìṣẹ́jú kan ni.

Ó dáa, jẹjẹrẹ wá ńkọ́? Lọ́dún 2015 àwọn oníwàádìí kan kó ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe sẹ́yìn jọ, wọ́n pa á pọ̀. Tí a bá ka gbogbo jẹjẹrẹ lápapọ̀, àwọn tó ní RA ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ará yòókù, kódà ti ọyàn àti ti ìfun ńlá tún kéré díẹ̀ láàrin wọn (ẹnu máa ń ya àwọn èèyàn tí mo bá sọ èyí), àmọ́ tó bá di ti ẹ̀dọ̀fóró, ó fi nǹkan bí ìdá 64 nínú 100 ju ti ará yòókù lọ. Lymphoma, ìyẹn jẹjẹrẹ tó ń mú àwọn ọmọ ogun ara fúnra wọn, náà ju ìlọ́po méjì lọ, mi ò ní sọ̀rọ̀ ìyẹn lónìí. Lọ́dún 2024 iṣẹ́ mìíràn tún jáde ní Amẹ́ríkà, láàrin àwọn ológun tó ti fẹ̀yìn tì tí ìjọba wọn ń tọ́jú, àwọn tó ní RA níbẹ̀ lé ní 70,000, wọ́n wá fi wọ́n wé àwọn tí ò ní in. RA fi ju ìdajì lọ lé ewu jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, àwọn tí ẹ̀dọ̀fóró wọn sì ti ní àpá ILD, tiwọn di nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta. Ibi tó jẹ́ kí n jókòó dáadáa ni pé wọ́n ya àwọn tí ò fẹnu kan sìgá rí sọ́tọ̀, ewu yẹn ò sì kúrò lára wọn.

Ẹ má kà á kẹ́ ẹ máa gbọ̀n o. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tó ní RA ò ní ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró títí ayé wọn. Àwọn ológun yẹn sì rèé, ọkùnrin ló pọ̀ jù nínú wọn, ọ̀pọ̀ wọn ti mu sìgá, wọn ò sì fi igi dáná. Tiwa ńkọ́, tó jẹ́ obìnrin ló pọ̀ jù, tí ọ̀pọ̀ wọn ò mọ bí sìgá ṣe rí lẹ́nu, àmọ́ tí wọ́n ti wà nídìí àdògán láti kékeré? UCH níbí ló ní ọ̀kan lára àwọn àkọsílẹ̀ jẹjẹrẹ tó pẹ́ jù ní Áfíríkà, láti àwọn ọdún 1960 ni wọ́n ti ń kọ orúkọ síbẹ̀. Tí wọ́n bá kàn ń fi ìbéèrè kan kún un, pé ṣé ẹni yìí ní RA tẹ́lẹ̀, ká fi ọdún díẹ̀ sí i, àwa náà á ní ohun tí a máa sọ nípa ara wa dípò ká máa fi ti ológun Amẹ́ríkà díwọ̀n.

Ìyá kan wà lápá ọ̀dọ̀ wa ní Bẹẹrẹ, ẹja yíyan ló ń tà, òun fúnra ẹ̀ ló ń yan án. Kò mu sìgá rí, kò fín aáṣà, kódà tí ọkọ ọmọ ẹ̀ bá tan sìgá ní ìta, ó máa ń lé e lọ. RA ti mú un tipẹ́, ìka ẹ̀ ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, prednisolone, oògùn steroid tó ń tẹ ìrora àti wíwú rì, tó ń rà lọ́dọ̀ oníkẹ́mìsì ló fi ń gbéra. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Gbogbo wa mọ̀ pé èéfín ni, ta ni ò ní wúkọ́ nídìí ẹja? Nígbà tí ikọ́ ò lọ, tó sì ń rù, wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù kan, mi ò ní dárúkọ, àwọn yẹn wo X-ray, wọ́n ní ikọ́ fée ni, wọ́n fún un lóògùn ikọ́ fée láì yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ẹ̀ wò, ó sì ń lò ó, ó ń lò ó, ó ń rù sí i. Ẹ tún wo nǹkan mìíràn: èjìká ẹ̀ ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún tọ̀sán tòru, ìrora náà ń sọ̀ kalẹ̀ dé ọwọ́, gbogbo èèyàn ní àrùn oríkèé ẹ̀ ló tún dé, àwọn ọmọ ń fi rọ́ọ̀bù ra á. Kì í ṣe oríkèé. Kókó náà wà lókè ẹ̀dọ̀fóró lábẹ́ èjìká yẹn, ó sì ti ń tẹ iṣan. Ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ fi máa jáde nínú ikọ́ tí wọ́n fi máa ṣe CT scan, ẹ̀rọ tó ń ya inú ara kedere ju X-ray lọ, ó ti dé ẹ̀dọ̀ àti eegun ẹ̀yìn. Kò pẹ́ tó fi lọ.

Mo sọ ìtàn yìí torí èjìká yẹn. Ẹni tó ní RA, ìrora kì í jẹ́ tuntun lára ẹ̀, gbogbo ohun tó bá dùn ún, RA la máa kà á sí, òun fúnra ẹ̀ á kà á sí i. Ó sì tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró fúnra ẹ̀ lè mú kí oríkèé wú. Èèyàn tí ò ní RA rárá lè dédé bẹ̀rẹ̀ sí í ní ìrora ní ọrùn ọwọ́ àti kókósẹ̀, orí ìka á wú róbótó, èékánná á tẹ̀ kọrọdọ, gbogbo ayé á máa fún un lóògùn aromọléegun, bẹ́ẹ̀ inú àyà ni nǹkan wà. Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, dókítà àgbà kan máa ń sọ fáwọn ọmọ dókítà pé kí wọ́n tó di ìka aláìsàn mú, kí wọ́n kọ́kọ́ wo èékánná. Ó tọ̀nà.

Wàyí o, tó bá ti wá dá wọn lójú pé jẹjẹrẹ ni, kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó ní RA? Níbí ni mo ti fẹ́ kẹ́ ẹ fún mi láyè díẹ̀, torí ibi tí ẹnikẹ́ni kì í dé nìyí. Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ló ń pa èèyàn jù nínú gbogbo jẹjẹrẹ láyé, lọ́dún 2022 nǹkan bí mílíọ̀nù 2.5 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ní in, ó sì pa nǹkan bí mílíọ̀nù 1.8. Ohun tó ń pinnu bóyá èèyàn á yè ni ìgbà tí wọ́n rí i. Ní Amẹ́ríkà, tó bá ṣì wà lójú kan, ó ju ìdajì lọ tó ṣì máa ń wà láyé lẹ́yìn ọdún 5, tó bá sì ti tàn káàkiri, kò ju nǹkan bí ẹnì kan nínú 10. Tiwa níbí, ẹ̀yin náà mọ̀, ìgbà tó bá ti tàn ni wọ́n ń gbé e wá.

Ká tiẹ̀ ní wọ́n tètè rí i. Ẹni tí ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀ mọ́ tónítóní, wọ́n á gé ibi tí kókó wà kúrò, ìyókù á gbé e. Ẹni tó ní àpá ILD, ìyókù tí wọ́n fẹ́ fi sílẹ̀ fún un yẹn gan-an ò dá a, iṣẹ́ abẹ sì lè jí ILD dìde lójijì kó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ láàrin ọjọ́ díẹ̀. Ìtọ́jú iná tí wọ́n ń tàn sí àyà, òun náà lè jó ẹ̀dọ̀fóró tó ti gan tẹ́lẹ̀, àwọn kan ò sì yè é. Nínú kẹ́mò, àwọn oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ, àwọn kan wà tó máa ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, dókítà ní láti ṣà wọ́n jáde. Kódà àwọn tábúlẹ́ẹ̀tì tuntun tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa fún àwọn tí jẹjẹrẹ wọn ní àmì EGFR (ìyípadà kan nínú jẹjẹrẹ náà fúnra ẹ̀), tó sì jẹ́ pé àwọn tí ò mu sìgá ló sábà máa ń ní àmì yẹn, àwọn náà lè mú kí inú ẹ̀dọ̀fóró wú. Ẹ̀yin ẹ wo bó ṣe rí, gbogbo ilẹ̀kùn ló wà níbẹ̀, àmọ́ ILD dúró lẹ́nu ọ̀nà gbogbo ẹ̀.

Èyí tó tún wá ṣòro jù ni àwọn abẹ́rẹ́ bíi pembrolizumab àti nivolumab tó yí ìtọ́jú jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró padà láyé. Iṣẹ́ wọn ni láti jẹ́ kí ọmọ ogun ara lè kojú jẹjẹrẹ láìsí ohun tó ń dá a dúró. Ẹni tó bá sì ní RA, ọmọ ogun ara ẹ̀ ti ń bá a jà tẹ́lẹ̀! Fún ìdí yìí, nígbà tí wọ́n ń dán àwọn abẹ́rẹ́ yẹn wò, wọn ò gba àwọn tó ní irú àìsàn báyìí wọlé, ìyẹn ni pé oògùn jáde, kò sì sẹ́ni tó mọ bó ṣe máa ṣe wọ́n. Ohun tí wọ́n ti wá rí látìgbà náà ni pé wọ́n lè gbà á, ó sì lè ṣiṣẹ́ fún wọn, àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn ni oríkèé máa tún wú, tí wọ́n á sì fi oògùn bò ó mọ́lẹ̀, kì í sábà di ohun tí wọ́n á torí ẹ̀ pa ìtọ́jú tì. Àwọn dókítà á fẹ́ kí prednisolone wà nísàlẹ̀ 10mg lójúmọ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, torí àwọn tó ń lò jù bẹ́ẹ̀ lọ, abẹ́rẹ́ yẹn kì í sábà jẹ́ fún wọn dáadáa. Ẹ wá rántí ìyá ẹlẹ́ja wa, tó ń ra prednisolone lọ́dọ̀ oníkẹ́mìsì, tí ẹnikẹ́ni ò mọ iye tó ń lò. Ẹ tún rántí àwọn àgbo tí wọ́n ń polówó nínú mọ́tò Ọ̀jọ́ọ̀ sí Ìwó Road, tí èèyàn á mu lẹ́ẹ̀kan tí ìrora á sá lọ pátápátá, ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ ọsibítù rí máa fura pé kì í ṣe ewé nìkan ló wà níbẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹni tó lówó abẹ́rẹ́ yẹn ò pọ̀ ní Ìbàdàn, mo kàn fẹ́ káwọn tí ọmọ wọn wà lókè òkun, tó lè fi owó ránṣẹ́, mọ̀ pé RA kì í ṣe ìdí láti sọ fún wọn pé kò sí ohun tí a lè ṣe.

Mo fẹ́ yára mú ọ̀rọ̀ oògùn RA kúrò lọ́nà, torí mo mọ ohun táwọn kan máa ṣe lẹ́yìn tí wọ́n bá ka èyí, wọ́n á da methotrexate wọn nù. Ẹ má dà á nù! Methotrexate kọ́ ló ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró yìí, RA tí a fi sílẹ̀ kó máa jó nínú ara gan-an ló léwu. Èyí tó yẹ kéèyàn bi dókítà léèrè nípa ẹ̀ ni tofacitinib, oògùn RA oníhóró kan, àtàwọn ẹbí ẹ̀. Nínú àyẹ̀wò ńlá kan tí wọ́n tẹ èsì ẹ̀ jáde lọ́dún 2022, láàrin àwọn tó ti lé ní 50 ọdún tí ọkàn wọn sì wà nínú ewu, jẹjẹrẹ pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń lò ó ju ti àwọn tó ń gba abẹ́rẹ́ lọ, ti ẹ̀dọ̀fóró sì hàn jù lára àwọn tó ń mu sìgá tàbí tó ti mu ún rí. Ẹni tó ń mu sìgá tó sì ní RA, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáwọ́, mi ò ní fi ọ̀rọ̀ gùn lórí ìyẹn.

Ṣé àyẹ̀wò wà téèyàn lè ṣe kí nǹkan tó bàjẹ́? Ó wà. Lọ́dún 2011 ní Amẹ́ríkà, wọ́n yẹ èèyàn tó lé ní 53,000 wò, gbogbo wọn ti mu sìgá dáadáa, apá kan fi CT scan tí ìtànṣán ẹ̀ kéré, apá kejì fi X-ray lásán. Àwọn tó lo CT, ikú jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró fi ìdá 20 nínú 100 dín kù láàrin wọn. Ẹ kíyè sí i o, X-ray lásán ni wọ́n fi wé, nítorí náà ẹni tí wọ́n bá sọ fún pé "X-ray ẹ mọ́, máa lọ ilé" tí ikọ́ ò sì lọ, kò tíì mọ nǹkan kan. Àmọ́ ìlànà ta ló yẹ kó ṣe é ńkọ́? Èyí tí wọ́n tún ṣe lọ́dún 2021 níbẹ̀ sọ pé ẹni tó bá wà láàrin 50 sí 80 ọdún, tó ti mu páálí sìgá kan lójúmọ́ fún ọdún 20 tàbí ohun tó tó bẹ́ẹ̀, tó ṣì ń mu ún tàbí tí kò tíì pé ọdún 15 tó jáwọ́. Sìgá lásán ni wọ́n kà. RA ò sí níbẹ̀, ILD ò sí níbẹ̀, èéfín igi ò sí níbẹ̀. Tí a bá gbé ìlànà yìí wá sí Ìbàdàn bó ṣe wà, ìyá ẹlẹ́ja ò lè wọlé láé.

Bẹ́ẹ̀, èéfín wa kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ẹ̀ka ìwádìí jẹjẹrẹ ti àjọ ìlera àgbáyé ti fi èéfín dísùù sára ohun tó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ láti ọdún 2012, wọ́n fi afẹ́fẹ́ ìta tó dọ̀tí kún un lọ́dún 2013, èéfín igi inú ilé sì wà lára àwọn tí wọ́n ní ó ṣeé ṣe gan-an pé ó ń fà á. Ẹ dúró ní Ìwó Road lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ kẹ́ ẹ ka tírélà. Eruku òkúta tún rèé, àwọn tó ń fọ́ òkúta, àwọn tó ń gé gíránáìtì láì bo imú, eruku yẹn ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, ó sì tún ń fi kún ewu RA fúnra ẹ̀, ìyẹn ni pé èèyàn kan náà ló ń lù lẹ́ẹ̀mejì. Mi ò rí i kí dókítà oríkèé kankan bi aláìsàn pé "Iṣẹ́ wo lẹ ṣe rí, kí lẹ fi ń dáná?" Ó sì yẹ kó wà lójú ìwé àkọ́kọ́ fáìlì.

Kí ni mo wá ń bẹ̀bẹ̀ fún? Lọ́wọ́ àwọn dókítà wa, pàápàá àwọn ọ̀dọ́ tó ń wo aláìsàn ọgọ́rùn-ún lóòjọ́, mo mọ̀ pé ẹ ò ráyè, mo ti wà níbẹ̀: ìbéèrè mẹ́ta péré, ikọ́, èémí, iṣẹ́ àti ìdáná, kẹ́ ẹ sì fi ẹ̀rọ yẹn gbọ́ ẹ̀yìn wọn nísàlẹ̀. Ẹni tí ìró yẹn bá wà lẹ́yìn ẹ̀, CT ló yẹ kó lọ ṣe, ẹ má dúró kó wúkọ́ ẹ̀jẹ̀. Ẹ má sì fún ẹnikẹ́ni lóògùn ikọ́ fée láì yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ẹ̀ wò, ọ̀fẹ́ ni àyẹ̀wò àti oògùn ikọ́ fée lọ́dọ̀ ìjọba, ọsibítù àyà sì wà ní Jericho níbí. Tí ẹ bá ti fún un lóògùn tí kò sì ń sàn, ẹ tún un rò. Lọ́wọ́ àwọn tó ń bójú tó ìlera ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àti ètò adójútòfò ìlera, ẹ jẹ́ kí CT àyà fún àwọn tó ní RA tó ń wúkọ́ wà lára ohun tí ètò yẹn ń san, kì í ṣe gbogbo wọn lẹ máa ṣe é fún, àwọn tí ìró wà lẹ́yìn wọn tàbí tí ikọ́ wọn ti kọjá ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nìkan.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní in fúnra yín, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi "èéfín ni" tàbí "ọjọ́ ogbó ni" lé yín lọ sílé. Ikọ́ tó lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, èémí tó ń kúrú sí i, ohùn tó há tí ò padà, rírù tí ò nídìí, ẹ̀jẹ̀ nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ bó ti wù kó kéré mọ, ìrora èjìká tuntun tí ò jọ ti tẹ́lẹ̀, ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ kíníkì, ẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó di ìka yín mú, ẹ mú ọmọ yín kan dání tó máa rántí sọ ọ́ tí ẹ̀yin bá gbàgbé. Gbogbo oògùn tẹ́ ẹ ń lò, títí kan ti oníkẹ́mìsì àti àgbo, ẹ kó ìgò ẹ̀ sínú láílọ́ọ̀nù kan kẹ́ ẹ gbé e lọ.

Olóòtú, ẹ̀bẹ̀ tèmi sí yín ni pé kẹ́ ẹ wá dókítà oríkèé kan àti dókítà àyà kan, kẹ́ ẹ jọ fọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò lójú ewé kan náà, kì í ṣe lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, torí bí wọ́n ṣe máa ń wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ náà ni aláìsàn fi ń já sáàárín wọn. Tó bá jẹ́ pé lẹ́tà yìí gùn jù fún ojú ewé yín, ibi tí mo ti sọ̀rọ̀ Greenwood ni kẹ́ ẹ gé, ìtàn àtijọ́ ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gé ibi tí mo to àwọn àmì ikọ́ sí, ẹ sì fi lẹ́tà tó tóbi díẹ̀ tẹ̀ ẹ́.

Èmi ni tiyín,
Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì,
Bẹẹrẹ, Ìbàdàn.